Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀, Ta Ló Ń Se Ọbẹ̀? Bí Rédíò, Tẹlifíṣọ̀n àti Fóònù Ṣe Ń Yan Ipò fún Ọkùnrin àti Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìjókòó o. Ọjà ẹja Olúwo ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù.

Ẹni tó bá dé Olúwo láàárọ̀ yóò rí i pé ọwọ́ obìnrin ni káràkátà wà. Àwọn ló ń dá iye lé àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún, àwọn ló ń kó o sí ọpọ́n, àwọn ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó ti san. Káàkiri etí ọ̀sà, ìyá ẹlẹ́ja tó lówó lọ́wọ́ a máa yá apẹja lówó àwọ̀n àti owó epo ẹ́ńjìnnì, kí ẹja lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tí owó rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ sójú omi, ọ̀gá ni nínú òwò yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹja bá di ìròyìn. Kámẹ́rà á ya ọwọ́ obìnrin tó ń yọ ìfun ẹja, á ya ọmọ tó pọ̀n, á ya ọpọ́n. Nígbà tó bá kan ká béèrè nípa owó epo, ẹ̀kún omi tàbí òfin ìjọba lórí àwọ̀n, ọkùnrin kan ni wọ́n á na máíkì sí. Obìnrin wà nínú àwòrán, kò sí nínú ọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn náà kò purọ́ o. Gbogbo ohun tó fi hàn ló ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ tó wò ó nílé ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò dìídì kọ́ ọ: pé ọkùnrin ló ń fi orí ṣòwò, obìnrin ló ń fi ọwọ́ ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ó ṣòro kí ẹ tó rí ilé iṣẹ́ ìròyìn tó máa là á mọ́lẹ̀ pé kí obìnrin dákẹ́. Yíyàn ni wọ́n ń yàn: ta ló máa sọ̀rọ̀, lórí kí ni, fún ìṣẹ́jú mélòó. Yíyàn kan kò já mọ́ nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá yàn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lọ́dọọdún, àwa tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn.

George Gerbner, ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n bí ní Hungary tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí èyí ní ìparí àwọn ọdún 1960. Iṣẹ́ oko ríro ló fi sọ èrò rẹ̀ lórúkọ. Ó ní tẹlifíṣọ̀n kì í yí èèyàn lọ́kàn padà lọ́jọ́ kan. Ó ń ro ọkàn díẹ̀díẹ̀ ni, títí ẹni tó ń wò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí á fi gbà pé bí ayé ṣe rí nínú àpótí ni ayé rí níta.

Iye tí wọ́n kà náà wà. Iṣẹ́ àgbáyé kan tó ń wo bí ìròyìn ṣe ń gbé ọkùnrin àti obìnrin jáde, Global Media Monitoring Project, ti ń ṣe ìwádìí ní ọdún márùn-ún márùn-ún láti 1995. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri àgbáyé á jókòó ti ìròyìn, wọ́n á ka àwọn tí ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa wọn tàbí tí a gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ̀. Ní 1995, ní orílẹ̀-èdè 71, obìnrin jẹ́ 17 nínú 100. Ní 2010 ó di 24. Ní 2015, 24 náà ni. Ní 2020, nígbà tí orílẹ̀-èdè ti di 116, ó jẹ́ 25. Ọdún 25 gbáko, 8 péré nínú 100 ló fi lé. Ẹ má gbàgbé pé ní 1995 yẹn kan náà ni ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Beijing fi ọ̀rọ̀ obìnrin àti ilé iṣẹ́ ìròyìn sí ara kókó 12 tí ìjọba gbogbo gbọ́dọ̀ mójú tó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èdè wa kò bá wa dá irú ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀. “Ó” là ń lò fún ọkùnrin, “ó” náà là ń lò fún obìnrin. “Dókítà ti dé, ó ti ń yẹ aláìsàn wò.” Ẹni tó gbọ́ kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni. Ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé pé ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò ni èdè Yorùbá kọ́kọ́ ń wò, kó tó wo akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìròyìn Yorùbá lónìí. “Dókítà obìnrin kan.” “Awakọ̀ obìnrin.” “Ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ obìnrin.” Ìgbà wo lẹ gbọ́ “awakọ̀ ọkùnrin” gbẹ̀yìn? “Nọ́ọ̀sì ọkùnrin” lẹ máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ìdí iṣẹ́ yẹn ló ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ àlejò nídìí rẹ̀. Nínú ìkéde òkú pàápàá, tí ìyá kan bá kọ́lé, tó rán ọmọ níwèé, wọ́n á ní “obìnrin bí ọkùnrin” ni. Ìyìn ni wọ́n pè é, àmọ́ wọ́n ti gba iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà fún ẹlòmíràn.

Òwe náà rí bẹ́ẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá wù á lè sọ pé obìnrin kò ṣeé finú hàn. Inú àpò kan náà la ti lè mú “bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.” Àwọn baba wa fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó wà nídìí máíkì ló yan èyí tó mú.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpolówó kan fínnífínní, irú ti èròjà ọbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 45 ni. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Aládùúgbò obìnrin wọlé, ó fún un ní èròjà. Ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó, ọmọbìnrin gbé oúnjẹ wá, ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù nínú yàrá. Ọkọ jẹ òkèlè àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ara tu ìyá. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin, ohùn tó kì, á sọ orúkọ ọjà àti ìdí tó fi dára. Ẹ wá ka iṣẹ́ inú rẹ̀: ta ló se é, ta ló gbé e, ta ló ṣèdájọ́, ta ló ṣàlàyé? Ọmọkùnrin yẹn kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà. Ó kọ́ pé òun kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé, àti pé ọjọ́ tí òun kò bá rówó mú wálé, òun kò wúlò mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń kú sínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹfà 2019, ìlànà àwọn tó ń mójú tó ìpolówó kò gba èyí tó bá ń fi irú ipò báyìí pa èèyàn lára. Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá méjì dúró. Ọ̀kan fi àwọn bàbá hàn bí ẹni tí oúnjẹ gba ọkàn wọn títí wọ́n fi gbàgbé ọmọ. Èkejì fi ọkùnrin hàn nínú ìrìn àjò akíkanjú, ó sì fi obìnrin jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ti fíìmù, ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí Alison Bechdel, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1985. Ṣé obìnrin méjì wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọkùnrin ni? Nínú fíìmù Yorùbá, méjì àkọ́kọ́ rọrùn, nítorí ìyálé àti ìyàwó kì í dákẹ́. Ẹ̀kẹta ló máa ń dí wọn lọ́nà. Màá fi ọ̀kan kún un fún tiwa: tí ìyá arúgbó bá wà nínú eré, ṣé ó lè parí láìjẹ́ àjẹ́? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìyá tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí èéfín ẹja tó ti fi ogójì ọdún yan, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ni ọmọ àdúgbò máa kọ́kọ́ fura sí, torí pé ó jọ ẹni tí wọ́n rí nínú fíìmù.

Fóònù yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí olóòtú tó jókòó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń wo ibi tí ojú rẹ pẹ́ sí, ó sì ń gbé irú rẹ̀ wá. Ọmọkùnrin tó wo fídíò mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń bú obìnrin á rí ọgbọ̀n sí i kó tó di alẹ́, á sì rò pé gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ tẹ fídíò náà mọ́lẹ̀, ẹ yan èyí tó sọ pé ẹ kò fẹ́ irú rẹ̀, kí ẹ sì dìídì wá òmíràn wò. Kíkọ èébú sábẹ́ rẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rọ ka ìyẹn náà sí ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ́ bí a ṣe ń kà á, torí ẹni tó lọ bá ilé iṣẹ́ rédíò láìní iye lọ́wọ́, wọ́n á ní inú ló ń bí i. Ẹ mú ìròyìn kan ṣoṣo, bíi ti aago méje alẹ́. Ẹ gbọ́ ọ fún ọjọ́ 10, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: ta ni ohùn rẹ̀ jáde, ipò wo ni wọ́n fi í sí (aláṣẹ, onímọ̀, ẹlẹ́rìí, aráàlú), kókó wo ló sọ̀rọ̀ lé, ìṣẹ́jú àáyá mélòó. Aago fóònù tó fún ìyẹn. Kí èèyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi ìwé wé ìwé. Tí wọ́n bá yàtọ̀ ní ju ibi 10 lọ nínú 100, wọn kò tíì gbọ́ ìtumọ̀ “onímọ̀” bákan náà. Kí wọ́n jókòó sọ ọ́, kí wọ́n tún un kà.

Ohun tó sábà máa ń ba kíkà náà jẹ́ ni pé wọ́n ka sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Obìnrin tó ń ka ìròyìn kò sọ èrò tirẹ̀, ìlà tirẹ̀ yàtọ̀. Òmíràn ni kí wọ́n ka orúkọ tí wọ́n dá láìgbọ́ ohùn. Ẹ má sì yan ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 8 oṣù kẹta bọ́ sí, ọjọ́ àwọn obìnrin àgbáyé, torí gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń gbé obìnrin sórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, iye náà á ga, á sì tàn yín jẹ. Èyí tó burú jù ni kí ẹ dúró lórí iye nìkan. Obìnrin 10 tí gbogbo wọn ń sunkún nídìí ẹ̀kún omi kò tó ọ̀kan tí wọ́n bi léèrè ìdí tí gọ́tà fi dí.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn tẹ́ ẹ wà láàárín wa, mo mọ ìdáhùn yín: “Àwọn obìnrin kì í fẹ́ sọ̀rọ̀.” Ẹ wo wákàtí tí ẹ lọ bá wọn. Àárọ̀ tí ẹja ń wọlé, kò sí ẹlẹ́ja tó máa fi oníbàárà sílẹ̀ nítorí máíkì. Ẹ lọ lọ́sàn-án, nígbà tí ọjà ti rọlẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò kí ẹ tó tọrọ àyè. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọkọ rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tó mọ̀: iye, gbèsè, yìnyín, ọ̀nà. Kí ẹ gbé e sétí rẹ̀ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó jáde. Ẹ ṣe ìwé nọ́ńbà kan fún iṣẹ́ yín, kí obìnrin 20 ó kéré tán wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ó tó di pé ìròyìn bẹ́. Alẹ́ tí iná bá sọ, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ lẹ máa pè. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan náà fi ń sọ̀rọ̀ lórí ohun gbogbo.

Tí ìwé yín bá ti pé ọjọ́ 10, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá olóòtú ètò, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an. Tí kò bá dáhùn, NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni ẹ ó kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ ìpolówó ni, ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, ni. Ẹ tètè ṣe é, torí ilé iṣẹ́ kì í tọ́jú ohùn títí láé. Ìwé onílà mẹ́rin wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, méjì méjì ni kí ẹ mú, kí ẹni kan má dá kà. Ìròyìn alẹ́ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀.