Ọgbọ́n Iṣẹ́, Ìwà Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Owó Oṣù Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣábẹ̀ẹ́, mo kí yín o. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti gbé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 40,000 sẹ́fà sí 52,000. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ìdí tí òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń kọjá iye yẹn, tí ẹlòmíràn sì wà lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ ṣúgà tí ìlú yìí mọ̀ dáadáa. Bí a bá ti gé ìrèké tán, adùn inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nìyẹn. Bí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ṣúgà tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kò ní í tó bó ṣe yẹ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lásìkò ìfúnrèké, tí ẹnì kan tó pa iṣẹ́ jẹ sì lè kó àdánù bá gbogbo ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dúró ti ìkòkò ńlá tí omi ìrèké ti ń di hóró. Yóò bu díẹ̀ sórí dígí, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo bí hóró náà ti tó, kó tó pinnu bóyá kí ó ṣì máa sè é tàbí kí ó tú u jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá lọ, wọn yóò wá a tì. Ní tèmi, ìwà rere ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, àmọ́ ọgbọ́n tó ṣọ̀wọ́n ló ń fún un lẹ́nu láti bèèrè owó.

Ọgbọ́n tí ẹni tó ń sanwó kò rí kò sì lè mówó wá. Ọ̀pọ̀ ajórin ló wà ní Kétu àti Àjàṣẹ́ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, tí wọn kò ní ìwé-ẹ̀rí CQM tàbí CQP, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó yege nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tí ọ̀gá tí kò mọ̀ wọ́n rí lè fi dá wọn mọ̀.

Àwọn agbanisíṣẹ́ a máa sọ pé ìwà òṣìṣẹ́ ni kò jẹ́ kí owó rẹ̀ pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ Henry Ford, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ford, ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́ lọ́dún 1913. Nígbà tí ó di ọdún 1914, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san dọ́là 5 lójúmọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù sí 8. Àwọn òṣìṣẹ́ fìdí kalẹ̀. Owó ló ṣáájú níbẹ̀, tí ìwà tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ tàbí ti kaṣú ní Glo-Djigbé, àgbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ bèèrè ipele tí wọ́n kọ yín sí nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì bèèrè ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣe kó tó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e.