Ẹni tó ń fi etí rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tó ń ṣe ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, lórí bí ẹni tí kò ríran ṣe máa lè lo ohun tí ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹni tó ríran bá ṣí ojú-ìwé kan, wàràwàrà ni ojú rẹ̀ ti balẹ̀ síbi tó ń wá. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun fo nǹkan kan kọjá. Ẹni tí kò ríran ń lo ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí i létí, irú bíi JAWS, NVDA tàbí VoiceOver, ọ̀rọ̀ kan ló sì lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí líǹkì 40 bá tò sókè gbogbo ojú-ìwé yín, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́ níbi gbogbo tó bá yà sí.

Abájọ tí WCAG, ìlànà bí aláàbọ̀ ara náà ṣe máa lè lo ojú-ìwé, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ sì jáde ní 2023, fi ní kí ọ̀nà wà láti fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Líǹkì kan péré, “Fò lọ síbi ọ̀rọ̀ gangan”, tí bọ́tìnì Tab lórí kíbọọ̀dù yóò kọ́kọ́ kàn, ti tó. Ẹ lè fi pamọ́ títí Tab yóò fi dé orí rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú àṣẹ ìrísí (CSS) tó ń jẹ́ display: none o; ìyẹn kò ní jẹ́ kí etí náà gbọ́ ọ.

Àkọlé ni mo fẹ́ fà gùn díẹ̀. Lórí NVDA àti JAWS, ẹni tó bá tẹ H yóò bọ́ sórí àkọlé tó kàn. Bó bá tẹ 2, àkọlé onípele kejì ló máa gbé e lọ. Báyìí ló ṣe ń wo ojú-ìwé gààrà kó tó yan ibi tó máa kà. Ṣùgbọ́n àmì inú HTML bíi h1 àti h2 ni ètò náà fi ń mọ àkọlé. Àwa kan á ki ọ̀rọ̀ sínú div, àmì tí kò sọ irú ohun tó wà nínú rẹ̀, a ó sọ ọ́ di lẹ́tà gàdàgbà, ó tán. Ojú rí àkọlé, etí gbọ́ gbólóhùn lásán. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe, èyí ni kí ẹ mú.

Líǹkì ńkọ́? Insert pẹ̀lú F7 máa ń kó gbogbo wọn jọ. “Tẹ ibí”, “tẹ ibí”, “kà sí i”: ibí wo? Ẹ kọ orúkọ ibi tó ń lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ojú ń dà láàmú ni kò ríran rárá. Ẹni tójú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran nílò ilà tó máa ń yí ohun tí Tab wà lórí rẹ̀ ká. Kí ló dé tí a fi ń kọ outline: none láti pa ilà náà rẹ́ nítorí ẹwà? Mi ò rí ẹwà kankan níbẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi Tab nìkan rìn. Ọ̀fẹ́ ni NVDA lórí Windows. Ẹ tan án, kí ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kó wá yẹ ojú-ìwé yín wò, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.