Ìforítì Ọmọ Ilé-Ìwé àti Bírò Pupa Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe lè kọ́ ọmọ kí ó má tètè sọ̀rètí nù nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: ìforítì kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ, inú ohun tí tíṣà bá ṣe sí èsì tí ọmọ ṣì ni ọmọ ti ń kọ́ ọ.

Ẹ wo ìṣirò yìí: 52 – 27. Ọmọ kan kọ 35, tíṣà fi bírò pupa fagi lé e, ó sì kọjá sórí ìwé ẹlòmíràn. Bí ó bá dúró bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?", ọmọ náà yóò ṣàlàyé pé 2 kéré sí 7, nítorí náà òun yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5, òun yọ 2 kúrò nínú 5, ó ku 3. Ọmọ tí ó ronú báyìí kì í ṣe olódo. Ó mọ àyọkúrò. Yíyá mẹ́wàá lára 50 kí 2 lè tó 7 yọ ni kò tíì yé e, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí "kò tíì" yẹn máa wà lẹ́nu wa. Ọ̀nà mìíràn tilẹ̀ wà nínú èdè rẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó lò. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni à ń pe 27, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé ó ku 3 kí ó pé 30; láti 30 dé 52 jẹ́ 22; 22 àti 3 jẹ́ 25. Mo ti rí ọmọ tí ó gbọ́ èyí, tí ó fi ìka tí ó tutọ́ sí pa 35 rẹ̀ rẹ́ títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ lu, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n fún òun ní òmíràn.

Àwọn kan láàrin wa gbà pé ìtìjú orúkọ "olódo" ni yóò lé ọmọ sídìí ìwé. N kò gbà, n kò sì ní gbà láéláé. Ìyìn pàápàá lè ṣini lọ́nà. Nínú ìwádìí tí Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ̀ jáde ní 1998 lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà, wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí iṣẹ́ tí ó le já wọn kulẹ̀, àwọn tí a yin ọpọlọ wọn kò gbádùn rẹ̀ mọ́, máàkì wọn lọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e, àwọn kan nínú wọn sì purọ́ nípa máàkì tí wọ́n gbà.

Alága ti ń na aago sí mi. Ní kúkúrú: ìwádìí tí David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019 lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju 12,000 lọ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀kọ́ tí kò tó wákàtí kan, pé ọpọlọ lè gbòòrò, gbé máàkì àwọn tí ó wà lẹ́yìn sókè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí ọmọ máa pariwo "mo lè ṣe é" láràárọ̀, ariwo kò tó. Ní ti ipò kìíní àti ipò ìkẹyìn, mo fẹ́…

Ibẹ̀ ni màmá kan, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti dìde: "Ọ̀gá wa, ọmọ 68 ni mo ní ní kíláàsì. Ìgbà wo ni mo fẹ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe rí i?"

Ẹ ṣeun, màmá. Mo pa ìwé tí mo mú wá dé, nítorí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju èyí tí ó kù lọ. Ẹ má bi gbogbo wọn. Ẹ mú èsì kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì, ẹ kọ ọ́ sójú pátákó láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní kí gbogbo kíláàsì wá ibi tí ó ti dára kí wọ́n tó wá ibi tí ó ti wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù tún tirẹ̀ ṣe, kí ẹ sì fún àtúnṣe náà ní máàkì.

Màmá ní kí n fún òun ní èyí tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo kọ 63 – 38 sójú pátákó, mo kọ 35 sábẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí gbogbo wa pe 38 ní Yorùbá.

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé: "Méjìdínlógójì."