Tẹ́ Ìwé Náà Sílẹ̀ Níwájú Olúwa

Bíbélì kíkà: 2 Ọba 18:26–36, 19:14–19

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A jí, a ò sùn gbé. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Kí ni ọwọ́ yín kọ́kọ́ kàn láàárọ̀ yìí? Fóònù ni, àbí? Tèmi náà nìyẹn. Kí n tó ráyè sọ pé "Olúwa, mo dúpẹ́", fídíò ọkọ̀ tó jóná ti wọlé, òkú ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀ láàárín títì láìsí aṣọ lára. Lókè fídíò náà ni ọfà méjì wà, àmì tí WhatsApp fi ń sọ pé iṣẹ́ yìí ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Nísàlẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Mo ń fi í ránṣẹ́ bí mo ṣe rí i gbà."

Èmi náà ti kọ gbólóhùn yẹn rí.

Ọdún 2014 ni. Ẹbólà ti bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ẹ̀rù sì ti gba gbogbo ilé. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan dé sórí fóònù mi pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ẹbólà kò ní lè mú un. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wa, mo sì pe ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá mi fínra. Dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá kù. Ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n da iyọ̀ sí i, wọ́n wẹ̀, wọ́n sì bu ife kan sọ́tọ̀. Àbúrò mi obìnrin ló já ife náà gbà lọ́wọ́ wọn, tó dà á nù sí ẹ̀yìnkùlé.

Láàárín oṣù yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ àánú ni mo rò pé mo ń ṣe! Lásìkò tí àwa ń da jìnnìjìnnì bo ara wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Èkó àti Port Harcourt, wọ́n ń yẹ àwọn tó ti fara kan aláìsàn wò. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ẹbólà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá odi Jerúsálẹ́mù. Rábúṣákè, ìránṣẹ́ ọba Ásíríà, dúró, ó ń lérí. Àwọn ìjòyè Hesekáyà, ọba Júdà, bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi èdè Síríà bá àwọn sọ̀rọ̀, kí àwọn ará ìlú tó wà lórí odi má baà gbọ́. Ó kọ̀. Ńṣe ló tún gbóhùn sókè ní èdè Júù. Ọ̀tá mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ti ráyè wọ ọkàn ará ìlú, òun kò ní láti fọ́ odi mọ́. Ẹnu ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ló ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà dákẹ́, wọn kò fún un lésì.

Nígbà tí ìwé ìhàlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọba Ásíríà dé ọwọ́ Hesekáyà, ó kà á. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ o: kò dijú. Kò sì sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ sọ nínú àdúrà pé lóòótọ́ ni àwọn ọba Ásíríà ti pa àwọn orílẹ̀-èdè run. Ṣùgbọ́n kò kà á sétí ìgbẹ́, kò kà á sétí ọjà. Ó gòkè lọ sí ilé Olúwa, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Mi ò ní ká máa bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Bí ajínigbé bá wà lójú ọ̀nà kan tí ó sì dá yín lójú, ẹ tètè sọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà, kí arìnrìn-àjò lè gba ibòmíràn. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òkú ìhòòhò wo ló kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni? Ìyá ọmọ yẹn lè wà lórí ìkànnì kan náà, kó jẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ sì jẹ́ ká jáwọ́ nínú òfófó tí a ń fi "ẹ bá mi gbàdúrà fún arábìnrin yìí o" bò lójú, nígbà tí àwa fúnra wa kò tíì fi ìṣẹ́jú kan kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lónìí, kí ìka yín tó tẹ ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ gbé fóònù náà sórí ibùsùn, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè sí etí Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, mo tọrọ àforíjì fún gbogbo ìbẹ̀rù tí mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé wọ ilé onílé. Fi ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ̀ mí mọ́.

Olúwa, tu àwọn ẹbí tí omi iyọ̀ pa ènìyàn wọn nínú. Rántí ìyá tó rí òkú ọmọ rẹ̀ lójú fóònù. Di ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀.

Fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ẹnu mi, Olúwa, kí o sì fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ìka mi. Nígbà tí inú bá ń bí mi sí ìlú yìí, kọ́ mi kí n kọ́kọ́ sunkún sí Ọ lọ́rùn.

Ẹnikẹ́ni tó bá jí láàárọ̀ yìí tí ọkàn rẹ̀ ń já nítorí ohun tó kà, Bàbá, bá a sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó là. Bí ó bá jẹ́ èmi ni Ìwọ fẹ́ rán sí i, fi orúkọ rẹ̀ sí mi lọ́kàn nísinsìnyí, kí n pè é. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa ni mo gbàdúrà. Àmín.