Atẹ́gùn ẹ̀sáǹsì ni kí a máa ṣọ́: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kì í ṣe ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo bẹntiróò, tó wà nínú bìdọ́ǹ (kẹ́ẹ̀gì) ni iná kọ́kọ́ ń mú, atẹ́gùn tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni.

Epo òyìnbó ní láti gbóná dé nǹkan bíi dígírì 38 kí atẹ́gùn rẹ̀ tó lè gbaná. Ti gasoil, ìyẹn díṣẹ́ẹ̀lì, tún ju 50 lọ. Ẹ̀sáǹsì kò dúró de ooru kankan. Kódà nínú òtútù yìnyín, ó ń tú. Ẹ wo bìdọ́ǹ lítà 25 tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, tí wọ́n fi ọ̀rá dí lẹ́nu, tí wọ́n sì fi rọ́bà so. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa á, ikùn rẹ̀ á wú, ọ̀rá náà á le tantan, atẹ́gùn á sì máa yọ́ gba abẹ́ rọ́bà jáde.

Níbo ló ń lọ? Ilẹ̀ ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ó ń ṣàn bí omi, ó ń wá kòtò, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sídìí àdògán aládùúgbò. Bó bá kan iná níbẹ̀, iná á tọ ipa rẹ̀ padà wá bá bìdọ́ǹ. Fèrèsé òkè tí a ń gbójú lé kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Ìsàlẹ̀ ògiri ni ká lu ihò sí, lọ́tùn-ún lósì, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibì kan wọlé, kó gba ìkejì jáde. Bí atẹ́gùn ẹ̀sáǹsì bá ti tó ìdá 1.4 péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, iná lè mú un.

A kò tíì gbàgbé Sèmè-Kraké, tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́ sí, ó sì pa ju ènìyàn 30 lọ. Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni tó ń ta kpayo, ìyẹn ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n yàrá tí ọmọ náà ń sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o síbẹ̀.

Bó bá sì gbaná, ẹ má da omi sí i. Orí omi ló máa léfòó sí, á sì máa tàn ká. Yanrìn ni kí ẹ dà sí èyí tó bá kéré. Bó bá ti ju agbára lọ, ẹ jáde, kí ẹ pe panápaná ní 118.

Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà kan bi mí pé ṣọ́ọ̀bù òun wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjì, níbo ni kí òun lu ihò sí? Mo ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú àti ògiri ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn kò bá sí, kí ẹ̀sáǹsì àti dilúáǹ (tínà tí a fi ń po ọ̀dà) má sùn níbẹ̀ rárá: ìta ni, lábẹ́ òjìji, nínú àgò onírin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí wọ́n sì fi àgádágodo tì í.