Láti orí gbàǹjo dé oko òtòṣì: ohun tí mo bá àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú l'Amẹ́ríkà sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Púpọ̀ nínú wa tó wà níbí, iṣẹ́ nọ́sìn hóòmù la fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a dé Amẹ́ríkà, àwọn kan ṣì wà nídìí ẹ̀ di báyìí, wọ́n ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbéra mọ́. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyẹn. Àwọn nọ́sìn hóòmù ti káúntì yẹn, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, tó máa ń wà lẹ́yìn ìlú, tí ilẹ̀ oko yí wọn ká, oko òtòṣì ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Poor farm làwọn òyìnbó ń pè é, oko ìjọba tí wọ́n ń kó àwọn òtòṣì sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gbàǹjo. Gbàǹjo tá a mọ̀, ẹni tó bá pe owó tó ga jù ló ń gbé ọjà lọ, àbí? Ní New England, àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láyé àtijọ́, títí wọ àwọn ọdún 1800, èèyàn ni wọ́n ń lù ní gbàǹjo, ẹni tó bá sì pe owó tó kéré jù ló ń mú un lọ. Ìlú á kó àwọn òtòṣì ẹ̀ jáde, opó, arúgbó, afọ́jú, arọ, ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, wọ́n á bi àwọn àgbẹ̀ pé èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ ìlú láti fi bọ́ eléyìí fún ọdún kan, èyí á ní iye báyìí, ìkejì á já a wálẹ̀, ìkẹta á tún já a wálẹ̀, ibi tó bá dúró sí ni wọ́n á lù ú sí. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó gba owó táṣẹ́rẹ́ láti fi bọ́ ẹ, tó tún fẹ́ jèrè nínú owó ọ̀hún, kí ló máa fún ẹ jẹ? Tó o bá lè ṣiṣẹ́ wọ́n á fi iṣẹ́ pa ẹ́, tó ò bá lè ṣiṣẹ́, ebi ni.

Òfin tó wà nídìí ẹ̀, láti Ìlú Ọba ni wọ́n ti gbé e wá, òfin àwọn òtòṣì ti ọdún 1601 láyé Ọbabìnrin Elizabeth kìíní, tó ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa bọ́ òtòṣì tiẹ̀. Tiẹ̀ nìkan o! Tó bá jẹ́ pé àtọ̀húnrìnwá ni ẹ́, wọ́n á kìlọ̀ fún ẹ pé kó o kúrò nílùú kó o tó di ẹrù sí wọn lọ́rùn.

Ní 1824, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ New York tó ń jẹ́ John Yates gbé ìwádìí jáde pé ìkà ni gbàǹjo yìí, pé owó náà sì ń ṣòfò, kí káúntì kọ̀ọ̀kan ra oko, kó kọ́lé síbẹ̀, kó kó àwọn òtòṣì ẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n máa dáko bọ́ ara wọn. Wọ́n sọ ọ́ dòfin lọ́dún yẹn gan-an, àwọn ìpínlẹ̀ míì náà sì ń ṣe tiwọn. Èmi ò rò pé èèyàn burúkú lọkùnrin yẹn, ire ló rò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tó lè roko, kí ló máa wá ṣe lóko òtòṣì? Tó bá ti di àsìkò ìgbìn tàbí ìkórè, iṣẹ́ pọ̀ níta, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Àwọn tó kù sílẹ̀ ni àwọn tí ò lè gbé ọkọ́: àwọn arúgbó, aláìsàn, afọ́jú, oníwárápá, àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Oko tí wọ́n ní káwọn ará inú ẹ̀ máa fi bọ́ ara wọn, àwọn tí ara wọn ò gbà á ló kún inú ẹ̀, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi ń wọn olúkúlùkù: ṣé o lè ṣiṣẹ́ àbí o ò lè ṣe é. Àgbẹ̀ kan àtìyàwó ẹ̀ ló sábà máa ń bójú tó ibẹ̀, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, láwọn káúntì kan sì rèé ẹni tó bá ní òun á gba owó tó kéré jù lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà fún, gbàǹjo tí wọ́n ní àwọn ti lé jáde tún ti ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Nígbà ìkànìyàn 1880 ìjọba àpapọ̀ tẹ àwọn fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ kan jáde, orúkọ tí wọ́n fún wọn ni fọ́ọ̀mù àwọn alábùkù, àwọn agbáralé, àtàwọn arúfin. Ọmọ tí wọ́n bí ní adití, opó tí ò rí jẹ, àti olè tó wà lẹ́wọ̀n, abẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Dorothea Dix, tíṣà ni. Ó rin ìpínlẹ̀ Massachusetts ká, ó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé òtòṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ gbogbo ohun tó rí ránṣẹ́ sáwọn aṣòfin ní 1843. Ó bá àwọn alárùn ọpọlọ nínú àgò, nínú àjà ilẹ̀, nínú ilé ẹran, wọ́n so wọ́n ní ṣéènì, ìhòòhò làwọn míì wà, wọ́n ń nà wọ́n. Ó bá a dé Washington, ilé aṣòfin gbà láti ya ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjìlá ékà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ní 1854 Ààrẹ Franklin Pierce kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tìjọba àpapọ̀. Nígbà tí New York ṣí ilé ìwòsàn ńlá Willard ní 1869 láti fi kó irú wọn kúrò lóko òtòṣì, obìnrin tó kọ́kọ́ wọlé, Mary Rote, pẹ̀lú ṣéènì lára ni wọ́n fi gbé e dé.

Ìtàn tó máa ń dùn mí jù ni ti Anne Sullivan. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí tíṣà Helen Keller, obìnrin olókìkí tó jẹ́ afọ́jú àti adití, a ò kì í bèèrè ibi tóun gan-an ti wá. Ọmọ àwọn ará Ireland tó ṣí wá ni, ojú ń dùn ún láti kékeré, kò fẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìyá ẹ̀ kú, bàbá ẹ̀ ò lè tọ́jú wọn, ni wọ́n bá kó òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin Jimmie tí egungun ìbàdí ẹ̀ ti bà jẹ́, lọ sí ilé òtòṣì ìpínlẹ̀ ní Tewksbury, February 1876. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni! Kò tó oṣù mẹ́rin tí Jimmie fi kú, inú sàréè tí wọn ò fi àmì kankan sí ni wọ́n sin ín sí. Ó ju ọdún mẹ́rin lọ tí Anne lò níbẹ̀, kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba wá, ó ti gbọ́ orúkọ olórí wọn, Sanborn, ó ń tẹ̀ lé wọn láti yàrá dé yàrá, ó kàn ń rí òjìji wọn ni, nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde ló sáré já sáàárín wọn tó figbe ta pé òun fẹ́ lọ síléèwé. Wọ́n mú un lọ sí iléèwé àwọn afọ́jú Perkins ní 1880. Ọdún méje lẹ́yìn náà ló dé ilé Helen Keller l'Alabama. Mélòó ló wà ní Tewksbury tí ò gbọ́ orúkọ alábẹ̀wò kankan?

Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ọ̀rọ̀ tún burú sí i, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé àwọn òtòṣì abúlé wọ̀nyí ń bí irú ara wọn, kí wọ́n yáa fi iṣẹ́ abẹ dí ilé ọmọ wọn kí wọ́n má lè bímọ mọ́. Carrie Buck ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ní Virginia, ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nílé àwọn tó gbà á tọ́, wọ́n wá pè é ní arìndìn, wọ́n tì í mọ́lé. Kọ́ọ̀tù gíga jù lọ dájọ́ ní 1927 pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un. Ọmọ tó bí, Vivian, orúkọ ẹ̀ wọ inú àwọn tó ń ṣe dáadáa níléèwé kó tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún jákèjádò Amẹ́ríkà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lọ.

Kí ló wá pa oko òtòṣì? Òfin Social Security ti 1935 ni. Ó ní ìjọba á máa fún àwọn arúgbó aláìní lówó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé nílé ìjọba ò ní gbà nínú ẹ̀. Káyé tó mọ̀, àwọn arúgbó kó jáde, ọ̀pọ̀ lọ sí nọ́sìn hóòmù aládàáni, káúntì míì ti oko ẹ̀ pa, òmíràn sọ ọ́ di nọ́sìn hóòmù fúnra ẹ̀. Èyí tó wà ní Troutdale l'Oregon, tí wọ́n kọ́ ní 1911, hòtẹ́ẹ̀lì ni báyìí. Ti Johnson County n'Iowa ṣì wà, ilé onípákó tí wọ́n ń ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́ ṣì wà lórí ìdúró, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké sì ń gbin oúnjẹ sórí ilẹ̀ náà. Ní Dunning, ní Chicago, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kọ́lé ní 1989 ló kan egungun, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì èèyàn ni wọ́n sọ pé wọ́n sin síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ wo ilé àti sàréè nìkan, ẹ wo òfin. Akàndá ẹ̀dá tó bá ń gba SSI lónìí, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara tí ò ní lọ́wọ́, tí owó báńkì ẹ̀ bá kọjá $2,000, wọ́n á dá owó ẹ̀ dúró, láti 1989 ni iye yẹn ò ti yí padà. Ó gbọ́dọ̀ wà ní òtòṣì kí wọ́n tó ràn án lọ́wọ́. Òfin iṣẹ́ ti 1938 náà ṣì fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ kan láti san owó tó kéré sí owó oṣù tó kéré jù fún aláàbọ̀ ara. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kún fọ́ọ̀mù fún wọn níbi iṣẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo parí, ìyá wa kan bi mí pé ṣé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ò ní mọ̀lẹ́bí ni. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ ká fi yangàn, torí àwa tá à ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òòṣà náà mọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ sí bí àlejò bá dé. Wọ́n ní mọ̀lẹ́bí mà. Ọ̀pọ̀ ló tọ́jú ọmọ wọn sílé títí ìyá fi kú, àbúrò ò wá lágbára ẹ̀, káúntì sì ní bó bá jẹ́ pé ilé ló máa wà, àwọn ò ní owó fún un, kó máa bọ̀ lóko. Katie Beckett, ọmọ Cedar Rapids n'Iowa, ohun kan náà ló ṣe é. Àìsàn ọpọlọ kọ lù ú nígbà tó wà lọ́mọ oṣù márùn-ún, ẹ̀rọ ló fi ń mí, ó lè gbé nílé, àwọn òbí ẹ̀ fẹ́ ẹ nílé, ṣùgbọ́n Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú ìlera fún aláìní, ní ilé ìwòsàn nìkan làwọn á ti sanwó, bẹ́ẹ̀ sì rèé owó ilé ìwòsàn ju tilé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ó di 1981 kí Ààrẹ Reagan tó dá sí i tí wọ́n fi yọ̀ǹda ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Ó délé, ó dàgbà, ó kàwé, ó gba ilé tiẹ̀, ó ń gbẹnu sọ fún irú ẹ̀ títí tó fi kú lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní 2012.