Ọ̀dà Wo Ló Yẹ Irin Tó Ń Gbóná?

Ẹ̀yin òǹwòran wa, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀dà fún páìpù tàbí òpó èéfín ilé iṣẹ́, ohun tí ọlọ́dà yóò kọ́kọ́ bi yín ni bí irin náà ṣe ń gbóná tó. Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí ìgbà tí irin bá tutù tí omi sì kàn án ni ìpẹtà ń ráyè.

Ẹ wo òpó èéfín ilé iṣẹ́ ṣúgà, bí irú èyí tí ó wà ní Ṣábẹ̀. Lásìkò tí wọ́n bá ń fún ìrèké, omi kò lè dúró lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró tí òjò sì dé, irin kan náà yóò wà nínú ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀dà tí ó mọ iná nìkan kò ní gbà á.

Epoxy lásán, ìyẹn ọ̀dà alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kí a tó kùn ún, kì í sábà kọjá 120 °C. Ọ̀dà síǹkì oní-silicate, ìyẹn ẹ̀tù síǹkì tí ohun ìlẹ̀mọ́ silicate dì pọ̀, ń bá a dé nǹkan bí 400 °C, nítorí síǹkì fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní 419 °C. Ìpẹtà yóò jẹ ẹ́ kí ó tó kan irin, àmọ́ ásíìdì tètè ń bà á jẹ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó fi ń le, nítorí náà ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí à ń ráhùn sí ń ṣe é lóore, nígbà tí ó jẹ́ pé lásìkò ọyẹ́ ní Kétu, ó lè di dandan kí a wọ́n omi sí i.

Silicone, ohun ìlẹ̀mọ́ tí ó ń fara da iná, tí a pò mọ́ ẹ̀tù alumíníọ́mù lè kọjá 500 °C. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ kùn ún, nítorí bí ó bá ki, yóò lé ròrò nígbà tí iná bá kàn án. Títí irin yóò fi gbóná tó nǹkan bí 200 °C, èékánná lásán lè ha á.

Páìpù tí a fi ìbòrí wé kí ooru má bàa jáde ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, pàápàá láàárín 50 sí 175 °C, níbi tí omi tí ó há sábẹ́ ìbòrí ti ń gbóná láìtètè gbẹ. Epoxy phenolic, irú epoxy tí ó ń fara da ooru ju epoxy lásán lọ, yẹ ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó bá wà, alumíníọ́mù yíyọ́ tí a fọ́n sára irin ni èmi yóò mú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ fọ irin náà, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́n irin wẹ́wẹ́ lù ú dé ìwọ̀n ìmọ́tótó Sa 2½, ó kéré tán, ìyẹn kí ó mọ́ débi pé àbààwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nìkan ni yóò kù lára rẹ̀.